Láptọ́ọ̀pù kò rí SSD rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ àṣekágbá sì wà nínú ẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, SSD ni ibi tó ń kó fáìlì sí. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, orí iná ló máa ń wà tààrà. Lánàá, Windows ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé tí mo tàn án, ojú rẹ̀ dúdú, "No bootable device" ló kọ síbẹ̀. Orí kẹta àti ìkẹrin iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú ẹ̀, orí kìíní àti ìkejì nìkan ló wà nínú ímeèlì. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́nu géètì iléèwé wa ní kí n gbé e wá, pé òun á fọ́ọ̀mátì í, òun á sì fi Windows tuntun sí i. Ṣé kí n gbé e lọ? Ẹ jọ̀ọ́, SSD tó bá kú, ṣé ó máa ń jí?

Bàbá_Kọ̀ǹpútà_Ìkẹjà
Àbúrò, má gbé e fún ẹni tó dárúkọ fọ́ọ̀mátì kó tó dárúkọ fáìlì. Ọtigbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ni mo wà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì lè sọ ọ́ láìṣojúsàájú: bí oníbàárà kò bá sọ pé òun ní nǹkan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè. Kí kọ̀ǹpútà ṣáà ti tàn ni wọ́n sanwó fún.

Ohun tó kọ sójú rẹ̀ yẹn nìkan kò tó kéèyàn fi sọ pé SSD ti kú. Ó lè jẹ́ Windows tó wà lórí rẹ̀ ni iná tó lọ yẹn bà jẹ́. Ó lè jẹ́ pé SSD ti ṣí kúrò lójú ihò rẹ̀ díẹ̀. Ó sì lè ti kú lóòótọ́. Inú BIOS, ojú ìṣètò kọ̀ǹpútà tó máa ń wà kí Windows tó tàn, la ti máa mọ̀. Pa á, tún un tàn, kí o sì máa tẹ F2 léraléra bó bá jẹ́ Dell tàbí Acer, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad. Wá ibi tí wọ́n kọ storage sí.

Bí orúkọ SSD àti ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, fọkàn balẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Windows nìkan ló ń ṣàìsàn. Bó bá jẹ́ orúkọ àjèjì lo rí, ọpọlọ SSD náà ló ti dàrú. Àwọn SSD SATA olówó pọ́ọ́kú kan wà tí orúkọ wọn máa ń di SATAFIRM S11 lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kú. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, a máa tú ìdí láptọ́ọ̀pù wò. Wò ó kí o padà wá sọ fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣé gan-an, sà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo tún wò ó, orúkọ rẹ̀ yọ, 256 GB. Mo ní kí n tún un tàn kó wọ Windows, ó tún ti parẹ́.

Olùkọ́_Abẹ́òkúta
Bó bá ti ń yọjú, gbìyànjú chkdsk (àṣẹ Windows tó ń tún díìsìkì ṣe) pẹ̀lú /f. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, wé SSD náà sínú ọ̀rá kí o gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì. Wọ́n ti fi gba háàdì díìsìkì là níṣojú mi rí.

Bàbá_Kọ̀ǹpútà_Ìkẹjà
Olùkọ́, ẹ má bínú, èmi kò bá yín gbè é. Háàdì díìsìkì àtijọ́ ní àwo tó ń yí àti irin tó ń lọ bọ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń dán òtútù wò lórí rẹ̀ nígbà yẹn, kódà òun náà, tètè-ṣe-é-kó-tún-kú ni. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí. Omi tó máa sé sára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e jáde nìkan lẹ máa rí gbà.

Chkdsk ńkọ́? Àtúnṣe ló ń ṣe, kíkọ nǹkan sórí díìsìkì sì ni àtúnṣe. Lára SSD tó ń ṣàìsàn, ìyẹn lè jẹ́ ẹrù tó máa ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí fáìlì bá ti jáde lèèyàn lè ṣe gbogbo ìyẹn. Bí Windows orí kọ̀ǹpútà mìíràn bá sì sọ fún un pé kó fọ́ọ̀mátì díìsìkì náà kí ó tó lè lò ó, Cancel ni kó tẹ̀.

Línúùsì_Lójoojúmọ́
Bó bá ṣì ń yọjú, ìrètí wà. Àmọ́ má tàn án kiri mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá jí, kí o ti mọ ohun tí o fẹ́ mú jáde, kí ibi tí o máa kó o sí sì ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, kó ohun èlò jọ ná: fúláàṣì 8 GB kan tí o máa fi Rufus tàbí Ventoy gbé Ubuntu (ètò bíi Windows tó lè tàn láti orí fúláàṣì) sí lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ, àti háàdì díìsìkì ìta tí àyè rẹ̀ ju 256 GB lọ. Bí ìyẹn kò bá sí, fúláàṣì mìíràn tó lè gba iṣẹ́ àṣekágbá rẹ tó.

Kí o tó ṣí ìdí rẹ̀, yọ ṣájà, tẹ bọ́tìnnì tó ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Fọwọ́ kan irin kan kí iná ara rẹ lè kúrò. Tí o bá ti ṣí i, wáyà bátìrì ni kí o kọ́kọ́ yọ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, kódà bí bátìrì náà ti kú. Wàá rí SSD, pátákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní mílímítà 22, nọ́ọ̀tì kékeré kan ló dì í mú níparí. Tú nọ́ọ̀tì yẹn, orí rẹ̀ á gbéra sókè fúnra rẹ̀. Fà á jáde, fẹ́ eruku inú ihò rẹ̀ dànù, tì í padà ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí tó fi wọlé dáadáa, tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, dè é. Ọ̀pọ̀ SSD tí wọ́n ti sọ pé ó kú, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí.

Lẹ́yìn náà, fi fúláàṣì yẹn tàn án. "Try Ubuntu" ni kí o yàn. Má fọwọ́ kan "Install" rárá.

Ọmọ_Ìlàrò
Kí n fi kan kún un kí ẹlòmíràn má baà kó sí i. Àwọn láptọ́ọ̀pù Intel ìran kọkànlá sókè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun kan tó ń jẹ́ VMD nínú BIOS. Bó bá wà ní títàn, Ubuntu lè má rí SSD tí ara rẹ̀ le koko, ojú tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà náà lè sọ pé kò sí díìsìkì. Èèyàn á sáré lọ ra òmíràn, èyí tó rà kò ní yọ náà. Ẹ lè pa VMD fúngbà díẹ̀ láti kó fáìlì, àmọ́ ẹ rántí dá a padà, torí Windows tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè kọ̀ láti tàn bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo ti ṣe é! Eruku inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ti yọ nínú Ubuntu báyìí. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ ṣí i, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá. Èmi kò ti nǹkan kan o.

Ará_Peckham
Ìwọ kọ́ lo tì í. BitLocker ni ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa. Windows 11 máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù bí èèyàn bá ti fi àpamọ́ Microsoft wọlé. Kọ́kọ́rọ́ náà, nọ́ńbà 48 ni. Fi fóònù rẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, fi ímeèlì tí o fi ṣí Windows wọlé, wàá rí i níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ímeèlì iléèwé lo lò, àwọn ICT iléèwé ni kí o lọ bá. Bí nọ́ńbà bá ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, fi Key ID tó wà lójú kọ̀ǹpútà wé tiwọn.

Kí gbogbo ẹni tó ń kà á gbọ́ eléyìí: láìsí nọ́ńbà 48 yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣí i fún yín, ì báà jẹ́ ní Ọtigbà, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbí. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, owó yín ló ń wá. Ẹ lọ wo tiyín lónìí tí kọ̀ǹpútà yín ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Línúùsì_Lójoojúmọ́
Bí o bá ti rí kọ́kọ́rọ́ yẹn, fáìlì iṣẹ́ àṣekágbá ni kí o kọ́kọ́ mú. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Kó o sí ibi méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó ṣe ẹ̀dà gbogbo díìsìkì:

sudo apt install gddrescue
sudo ddrescue -d -n /dev/nvme0n1 ibi_ìta/ssd.img ibi_ìta/ssd.map

(Ibi tí mo kọ ibi_ìta sí, ojú ọ̀nà háàdì díìsìkì rẹ ni kí o fi rọ́pò rẹ̀.) Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ddrescue ni fáìlì map yẹn. Ibi tó rọrùn láti kà ló ń kọ́kọ́ kó, ó ń fo ibi tó le, ó sì ń kọ ohun tó ti ṣe sílẹ̀. Bí SSD bá parẹ́ láàárín iṣẹ́, pa á, jẹ́ kó sinmi, tún un tàn, tẹ àṣẹ kan náà. Ibi tó dé ni yóò ti máa bá a lọ. Tó bá parí, yọ -n kúrò kí o fi -r3 sí i kó lè padà sórí àwọn ibi tó le. Bí o bá fẹ́ ṣí ẹ̀dà yẹn lẹ́yìn náà, sọ́fíwíà dislocker á lo nọ́ńbà 48 náà lórí rẹ̀. Ṣọ́ra kí o má ṣi orúkọ díìsìkì kọ o; tẹ lsblk kí o fi ìwọ̀n wọn dá wọn mọ̀.

Bí o bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, sudo smartctl -a /dev/nvme0, lára smartmontools. Lórí Windows, CrystalDiskInfo ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ọlọ́run ṣeun, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun! Nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n Peckham ṣe sọ. Orí kẹta àti ìkẹrin ti wà nínú fúláàṣì, wọ́n sì ti wà nínú Google Drive. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán, SSD tún parẹ́, ó ti wá yọ padà báyìí, ddrescue ń lọ lọ́wọ́. Smartctl kọ Critical Warning 0x00, Percentage Used 38%. Ibi tó kọ Unsafe Shutdowns sí ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ṣé ìyẹn ló pa á?

Bàbá_Kọ̀ǹpútà_Ìkẹjà
Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Fáìlì ti jáde, mo lè wá bá ọ wí báyìí.

Percentage Used 38% ń sọ pé kíkọ àti pípa kọ́ ló gbó o. Critical Warning 0x00 náà dáa. Ká ní 0x08 ni, á jẹ́ pé ó ti ti ara rẹ̀ kó máa jẹ́ kíkà nìkan, kó má gba kíkọ mọ́. Ibi tí ojú mi wà ni Unsafe Shutdowns. Gbogbo ìgbà tí iná bá já lára SSD láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ sọ fún un ló ń kà síbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú tó ń jẹ iná NEPA tààrà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Fáìlì kì í dúró lójú kan nínú SSD. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣí i kiri kí gbogbo ibẹ̀ lè máa gbó pọ̀, ó sì ní ìwé kan tó fi ń mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, bíi ti ìyálọ́jà tó ń kọ ẹni tó wà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tó ń tún ìwé yẹn kọ lọ́wọ́, ìwé náà lè dàrú. Nǹkan rẹ ṣì lè wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìsọ̀ tó wà mọ́. Àwọn SSD ńláńlá tí wọ́n ń lò ní ibi ìkó-détà-sí ní kapásítọ̀ tó ń gbé wọn dé òpin iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ bí iná bá lọ. Ti inú láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní in, torí wọ́n gbà pé bátìrì wà. Ìwọ sì sọ pé bátìrì ti kú tipẹ́.

N kò búra pé òun ló pa á, torí ihò tó tú díẹ̀ náà lè mú kó máa yọ kó máa parẹ́. Àmọ́ bí o bá ra SSD tuntun sórí bátìrì tó ti kú, owó lò ń sọ nù. Bátìrì ni kí o kọ́kọ́ rà. Bí owó kò bá tó, UPS kékeré.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù
Ẹ kú ọgbọ́n o. Ọmọ mi pa àwòrán ìkómọ nù lórí láptọ́ọ̀pù tó ní SSD, ara SSD ọ̀hún le. Ṣé irú sọ́fíwíà yìí lè dá wọn padà?

Línúùsì_Lójoojúmọ́
Ẹ kú ọmọ o, mà. Lórí háàdì díìsìkì, PhotoRec ì bá ti bá yín wá wọn rí. Lórí SSD, ó ṣòro gan-an. Bí ẹ bá ti pa fáìlì rẹ́, Windows ń ránṣẹ́ tó ń jẹ́ TRIM sí SSD pé ibẹ̀ ti ṣófo, òun náà á sì nù ún mọ́. Ẹ wo Recycle Bin, ẹ wo Google Photos lórí fóònù, ẹ wo WhatsApp àwọn ẹbí tí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Níbẹ̀ ni mo fi ọkàn sí jù.

Ẹ má sì fi SSD ṣe àpótí tí ẹ máa gbé àwòrán sí kí ẹ tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún púpọ̀. Láìsí iná, ohun tó kọ sínú ara rẹ̀ ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú un yára. Òṣùwọ̀n JEDEC, àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n irú ẹ̀rọ yìí, fún SSD àwọn ará ilé kò ju pé kó pa détà mọ́ fún ọdún 1 níbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30°C, lẹ́yìn tó bá ti lo iye kíkọ tí wọ́n dá fún un tán. Èyí tó ṣì tuntun á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ yàrá wa sábà máa ń gbóná ju 30°C lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà, mo ti gbọ́ ti bátìrì, sà. Bí mo bá fẹ́ ra SSD náà, kí ni kí n sọ fún wọn lọ́jà?

Oníṣọ́ọ̀bù_Ọtigbà
Yọ ti àtijọ́ kí o mú un dání wá, ìyẹn ló dáa jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. 2280 gùn ní mílímítà 80, 2242 jẹ́ 42, 2230 jẹ́ 30. Èyí tó gùn ju àyè lọ kò ní wọ̀. Ti ìkejì tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: M.2 kan náà, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ yìí, lè jẹ́ SATA, ó lè jẹ́ NVMe tó yára jù ú lọ. Èyí tó ní ihò méjì létí ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ SATA, NVMe sì sábà máa ń ní ẹyọ kan. Láptọ́ọ̀pù tó ń gba SATA nìkan kò ní rí NVMe, bí o tilẹ̀ tì í wọlé. Tìrẹ NVMe ni, torí /dev/nvme0 lo fi ṣí i.

Ayédèrú wà lọ́jà, kí n má parọ́. Wọ́n á kọ 1 TB sára ohun tí kò tó 64 GB. Gba rìsíìtì, kí o sì ní àdéhùn pé o lè dá a padà. Tí o bá délé, fi H2testw tàbí f3 kọ nǹkan kún un tẹ́nu-tẹ́nu kí o tó gbé Windows sí i. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ, ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo hàn ọ́ níṣojú: wákàtí tó ti lò, àti iye tó ṣẹ́kù nínú ayé rẹ̀.

Má sanwó Windows. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, àṣẹ rẹ̀ so mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, kì í ṣe SSD. Fi Media Creation Tool ti Microsoft gbé e sórí fúláàṣì 8 GB, tí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà àṣẹ, yan pé o kò ní, kí o sì mú irú Windows tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á dá ara rẹ̀ mọ̀ tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ní fẹ́ràn pé mo sọ ìyẹn.

Ọmọ_Ìlàrò
Ẹni tó bá ń lo MacBook kó má tú ìdí rẹ̀ nítorí ohun tí a sọ lókè yìí. Nínú MacBook òde òní, orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n lẹ ibi ìkó-fáìlì mọ́. Láti àwọn ti 2018 tó ní ṣíìpù ààbò T2, ó ti wà ní títì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù kan náà. Bí bọ́ọ̀dù bá kú, àfi kí wọ́n jí bọ́ọ̀dù náà kí fáìlì tó jáde. Ẹ̀dà tí ẹ ti ṣe sílẹ̀, bíi ti Time Machine, ni ààbò wọn. Àwọn láptọ́ọ̀pù kékeré tó ní eMMC (ibi ìkó-fáìlì olówó pọ́ọ́kú) náà, lílẹ̀ ni.

Ará_Peckham
Ẹ̀yin tí ẹ wà ní UK tí ẹ ra láptọ́ọ̀pù ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pé wáràǹtì ọdún 1 ti tán lé yín jáde. Consumer Rights Act 2015 ni kí ẹ tọ́ka sí. Láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, ẹ lè dá ohun tó lábùkù padà kí ẹ gba owó yín. Láàárín oṣù 6, oníṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín kò tíì tán. Kẹ́ ẹ kó fáìlì yín jáde kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí SSD mìíràn ni wọ́n máa fi dá a padà, òfìfo.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
ddrescue ti parí, ibi tí kò rí kà kò tó nǹkan. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ máa rà. SSD àtijọ́ yìí ńkọ́? Ẹni ẹnu géètì yẹn ní òun á rà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá_Kọ̀ǹpútà_Ìkẹjà
Má tà á. Ti pé BitLocker ti tì í, ààbò nìyẹn, àmọ́ SSD tó ń yọ tó ń parẹ́, bí o bá tà á, orí ẹlòmíràn ni wàhálà rẹ̀ ń lọ. Fi í sílẹ̀ títí tí o bá fi gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ tán, tí o sì ti ṣí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀dà yẹn wò. Lẹ́yìn náà, fọ́ àwọn ṣíìpù dúdú orí rẹ̀, gbogbo wọn o, kì í ṣe ẹyọ kan, kí o tó jù ú nù. Tí o bá ń bọ̀ wá ra bátìrì, gbé láptọ́ọ̀pù náà dání, ká bá ọ wo ihò SSD yẹn bóyá ó ti fẹ̀.